Ilé la ó wò ni, àbí ẹ̀jẹ̀? Ìdí tí orúkọ bakitéríà inú aràn apakòkòrò fi ń yí padà

Bakitéríà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní TT01. Inú aràn tíntìntín kan láti Trinidad àti Tobago ni wọ́n ti yọ ọ́. Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí ka gbogbo DNA rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́tà tó lé ní mílíọ̀nù 5.6, wọ́n sì gbé e jáde lábẹ́ orúkọ Photorhabdus luminescens. Ẹni tó bá ń wá a nínú àwọn ìwádìí òde òní, Photorhabdus laumondii ni yóò bá pàdé. Bakitéríà ọ̀hún kò yí padà o. Inú fírísà ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ti ń mú un jáde. Orúkọ ló ṣípò.

TT01 nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ kàn. Láàárín nǹkan bí 60 ọdún, àwọn bakitéríà tó ń bá aràn apakòkòrò gbé ti kúrò nínú ìran kan bọ́ sínú òmíràn, ìran náà ti pín sí méjì, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti di ẹ̀yà tó dá dúró, àní ìdílé tí gbogbo wọn wà pàápàá ti yí orúkọ. (Inú ẹ̀yà ni ẹ̀ka wà, inú ìran ni ẹ̀yà wà, inú ìdílé sì ni ìran wà.) Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ìwé ọdún 1985, ti 1995 àti ti 2020 papọ̀ lè rò pé ohun alààyè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ náà ti wá nìyí, àti ohun tí àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ń bára wọn fà.

Aràn wo là ń sọ, kí sì ni bakitéríà ń ṣe nínú rẹ̀?

Kì í ṣe aràn inú ikùn ènìyàn. Inú ilẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń gbé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn tó ń jáde lọ ṣọdẹ kò sì gùn tó mìlímítà kan. Ìran méjì ló lókìkí jù nínú wọn: Steinernema àti Heterorhabditis. Ọmọ aràn tó ń ṣọdẹ yìí kì í jẹun rárá. Ó ti ẹnu pa, ó fi awọ àtijọ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀wù, ó ń ba de kòkòrò tó ń kọjá, tàbí kó máa tọ òórùn rẹ̀ lọ.

Bó bá rí ìdin kan, ẹnu, ihò ìdí tàbí àwọn ihò tí ìdin náà fi ń mí ló máa ń gbà wọlé. Heterorhabditis tún ní eyín kékeré kan tó lè fi ya awọ kòkòrò. Bó bá ti dénú ẹ̀jẹ̀, á tú ẹrù tó gbé wá sílẹ̀, ẹrù náà sì ni bakitéríà. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kòkòrò ti kú.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ikú náà, ọwọ́ bakitéríà ló wà. Òun ló ń da májèlé sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń mú kí ara òkú rọ̀ tó ohun tí aràn lè jẹ. Ó tún máa ń tú àwọn èròjà kan jáde tó ń lé bakitéríà mìíràn, olú àti èèrà sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá wọn pín òkú náà. Aràn ní tirẹ̀ ń jẹ bakitéríà, ó ń bímọ, ọmọ náà ń bímọ. Nígbà tí oúnjẹ bá tán, àwọn ọmọ tuntun á kó bakitéríà díẹ̀ sínú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á sì jáde láti wá ẹran mìíràn. Aràn kò lè ṣe dáadáa láìsí bakitéríà, bakitéríà náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dé inú kòkòrò láìsí aràn.

Ilé wọn kò pa pọ̀. Xenorhabdus ló ń bá Steinernema gbé, nínú àpò kékeré kan tó wà níwájú ìfun rẹ̀. Photorhabdus ló ń bá Heterorhabditis gbé, nínú ìfun gan-an. Kòkòrò tí Photorhabdus bá pa sábà máa ń pọ́n bíi bíríkì, bí òkùnkùn bá sì ti mọ́ ojú lára, èèyàn lè rí i tó ń tàn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Xenorhabdus kì í tàn.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn nítorí àríyànjiyàn tó ń bọ̀: wọn kì í rí àwọn bakitéríà yìí kí wọ́n dá gbé inú ilẹ̀ lásán. Inú aràn, inú òkú kòkòrò, àti ojú egbò ènìyàn fún ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn, ni wọ́n ti máa ń bá wọn.

Ta ló kọ́kọ́ sọ wọ́n lórúkọ?

Àwọn onímọ̀ méjì, Poinar àti Thomas, ni, lọ́dún 1965. Èyí tí wọ́n rí nínú Steinernema ni wọ́n pè ní Achromobacter nematophilus. Nígbà náà, Achromobacter dà bí àpótí kan tí wọ́n ń ju bakitéríà tí kò ní àwọ̀, tí kò sì rí ibòmíràn lọ, sí. Apá kejì orúkọ náà ló sọ ìtàn tirẹ̀: "olólùfẹ́ aràn."

Nígbà tó di ọdún 1979, àwọn méjèèjì yìí kan náà gbà pé ibẹ̀ kọ́ ni ilé rẹ̀. Wọ́n dá ìran tuntun sílẹ̀, wọ́n pè é ní Xenorhabdus. Nínú èdè Gíríìkì, xenos ni àlejò, rhabdos sì ni ọ̀pá. Ọ̀pá nítorí ìrísí rẹ̀, àlejò nítorí pé ilé onílé ló ń gbé. Ẹ̀yà méjì ni wọ́n kó sínú rẹ̀: X. nematophilus, àti X. luminescens, èyí tó ń tàn.

Láti Ọsirélíà ni Akhurst ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn bakitéríà yìí fínnífínní. Lọ́dún 1983, ó pín X. nematophilus sí ẹ̀ka mẹ́ta, ó sì fi ìkẹrin kún un lọ́dún 1986. Lọ́dún 1988, òun àti Boemare ará Faransé sọ àwọn ẹ̀ka náà di ẹ̀yà: nematophilus, bovienii, poinarii àti beddingii. Orúkọ àwọn onímọ̀ aràn ni mẹ́ta ìkẹyìn; Poinar tó sọ àwọn mìíràn lórúkọ ti wá di ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ bakitéríà.

Ọdún 1993 ni ìran náà ya sí méjì. Boemare, Akhurst àti Mourant fi DNA èyí tó ń tàn wé ti àwọn tí kì í tàn, wọ́n sì rí i pé ìbátan àárín wọn jìnnà ju ohun tó yẹ kí ìran kan gbà lọ. Yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀, èyí tó ń tàn ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní catalase, tó ń sọ háídírójìn pẹróksáídì di omi àti ọ́síjìn. Xenorhabdus kò ní in. Bí X. luminescens ṣe di Photorhabdus luminescens nìyẹn, "ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn." Àsọtúnsọ ni, ṣùgbọ́n òfin orúkọ kò lòdì sí àsọtúnsọ.

Òfin orúkọ lòdì sí àṣìlò gírámà, síbẹ̀. Lọ́dún 2000, Euzéby àti Boemare tọ́ka sí i pé abo ni ọ̀rọ̀ rhabdus nínú èdè tí wọ́n fi ń sọ orúkọ, kì í ṣe akọ. Nítorí náà, nematophilus ní láti di nematophila. Kò sí ohun kankan tó yí padà nínú ìmọ̀ bakitéríà lọ́jọ́ náà, lẹ́tà méjì péré ni wọ́n fi a rọ́pò, síbẹ̀ ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà wá ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ méjèèjì kó tó rí gbogbo rẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni bakitéríà kan lè farahàn bíi méjì?

Bẹ́ẹ̀ ni, èyí sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ dá àwọn tó ń ṣèpín láàmú. Lọ́dún 1980, Akhurst ṣàlàyé pé bakitéríà kan náà lè wà ní irú méjì. Bí wọ́n bá gbìn ín sórí oúnjẹ tó ní aró méjì kan nínú, irú kìíní á fa aró kan mu, á di búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Irú kejì kò ní fà á, á pọ́n. Irú kìíní ló ń ṣe èròjà tó ń pa bakitéríà mìíràn, òun ló sì ń tàn dáadáa bó bá jẹ́ Photorhabdus. Irú kejì sábà máa ń yọ jáde nígbà tí bakitéríà bá ti pẹ́ nínú ìgò, aràn kì í sì í gbádùn rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́.

Ìbátan wọn ju ti ìbejì lọ, nítorí ara kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jókòó sí ibi ìwádìí lọ́dún 1975, tó ń fi àwọ̀, oúnjẹ tí bakitéríà lè jẹ àti èròjà tó ń tú jáde pín wọn sí ẹ̀yà. Ẹyọ kan lè di ẹ̀yà méjì lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣe àṣìṣe kankan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń retí pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣàpèjúwe ẹ̀yà tuntun sọ irú tó lò. Òun náà ló jẹ́ kí ojú gbogbo ayé yíjú sí DNA, torí pé ìyẹn kì í pọ́n, kì í sì í di búlúù.

Ìran, ẹ̀yà, ẹ̀ka: kí ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n?

Orúkọ àkọ́kọ́ ni ti ìran, orúkọ kejì ni ti ẹ̀yà, orúkọ kẹta, bó bá wà, ni ti ẹ̀ka lábẹ́ ẹ̀yà. Ìdílé ló ga ju ìran lọ. Nínú ẹ̀yà kan tún ni ọ̀wọ́ wà: bakitéríà tí wọ́n mú níbì kan lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ń tọ́jú, tí wọ́n sì fún ní nọ́ńbà. Ọ̀wọ́ ni TT01 jẹ́.

Ẹranko ńlá rọrùn láti pín, torí a lè wo ẹni tó ń bá ẹni bímọ. Bakitéríà kì í gùn, ṣe ló ń là sí méjì. Nítorí náà, ààlà àárín ẹ̀yà àti ẹ̀yà jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí, wọ́n sì ti yí ohun èlò tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àkọ́kọ́ tó dúró pẹ́ ni fífi okùn DNA méjì pò pọ̀. Wọ́n á fi ooru ya okùn DNA bakitéríà méjì, wọ́n á dà wọ́n pọ̀, wọ́n á jẹ́ kó tutù. Bí okùn ti ọ̀kan bá ṣe lọ́ mọ́ ti èkejì tó ni wọ́n fi ń mọ bí wọ́n ṣe bára tan tó. Lọ́dún 1987, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fi ààlà sí ìdá 70 nínú 100: tó bá kéré sí ìyẹn, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí wọ́n lò ní 1993 nìyẹn, òun náà sì wà lára ohun tí wọ́n lò ní 1999 nígbà tí wọ́n pín Photorhabdus sí ẹ̀yà mẹ́ta: luminescens, temperata àti asymbiotica. Iṣẹ́ náà le, ó ń gba àkókò, èsì ibi ìwádìí kan sì lè máà bá ti ibòmíràn mu.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni jíìnì kan, ìyẹn apá kan nínú DNA, tí wọ́n ń pè ní 16S rRNA gbòde, nítorí gbogbo bakitéríà ló ní in, ó sì rọrùn láti kà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń yí padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú Photorhabdus pàápàá, ìbátan jíjìn àti ọmọ ìyá lè jọra níbẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn nìkan dájọ́. Nígbà tí Tailliez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìran méjèèjì yẹ̀ wò lọ́dún 2010, àpapọ̀ jíìnì mélòó kan ni wọ́n lò dípò ẹyọ kan. Orúkọ ẹ̀yà àti ẹ̀ka tún pọ̀ sí i.

Lóde òní, gbogbo DNA ni wọ́n ń kà. Kọ̀ǹpútà á gé DNA bakitéríà méjì sí wẹ́wẹ́, á fi wọ́n wéra, á sì sọ ìpíndọ́gba bí wọ́n ṣe jọra. Bí ìjọra náà bá wà lábẹ́ 95 sí 96 nínú 100, ẹ̀yà méjì ni wọ́n gbà pé ó jẹ́. Wọ́n yan nọ́ńbà yìí nítorí pé ó bá ìdá 70 ti àtijọ́ mu dáadáa. Òṣùwọ̀n tuntun ni, ṣùgbọ́n ààlà àtijọ́ ló gbé lọ́wọ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2018?

Machado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n tuntun náà lé gbogbo Photorhabdus. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tó wà lábẹ́ P. luminescens, P. temperata àti P. asymbiotica ló jìnnà síra ju ààlà lọ. Wọ́n dábàá pé kí púpọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀ka náà di ẹ̀yà tó dá dúró. Ẹ̀ka laumondii di P. laumondii, akhurstii di P. akhurstii, khanii di P. khanii, australis di P. australis. Wọ́n tún fi ẹ̀yà tuntun kan kún un, P. bodei.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà dun àwọn kan ni pé àwọn ọ̀wọ́ tí ayé mọ̀ jù wà lára àwọn tó kúrò lábẹ́ orúkọ luminescens. TT01 lọ. W14 náà lọ, òun tí wọ́n fi ṣe ìwádìí ńlá lórí májèlé tó ń pa kòkòrò ní àwọn ọdún 1990. Ó di P. akhurstii. Orúkọ luminescens dúró sọ́dọ̀ ọ̀wọ́ àwòṣe rẹ̀, ìyẹn ọ̀wọ́ tí wọ́n so orúkọ ẹ̀yà náà mọ́, àti àwọn ìbátan tó sún mọ́ ọn, nítorí òfin sọ pé ibi tí ọ̀wọ́ àwòṣe bá wà ni orúkọ gbọ́dọ̀ wà, bó ti wù kí òkìkí àwọn yòókù pọ̀ tó.

Ọdún méjì ṣáájú ni àtúntò mìíràn ti wáyé lókè. Adeolu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ìdílé ńlá Enterobacteriaceae sí ìdílé púpọ̀, Xenorhabdus àti Photorhabdus sì bọ́ sínú Morganellaceae pẹ̀lú Proteus àti Providencia. Ẹni tó rí ìdílé tuntun àti ẹ̀yà tuntun láàárín ọdún méjì, kò yani lẹ́nu bó bá rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Àtúntò méjèèjì kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ara wọn, àfi pé DNA kíkà tó ti di ohun tí kò wọ́n mọ́ ló bí wọn.

Kí ni àwọn tó fara mọ́ ọn àti àwọn tó ń kọminú ń sọ?

Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ṣé ilé, ìyẹn aràn tí bakitéríà ń bá gbé, la ó wò, àbí ẹ̀jẹ̀, ìyẹn DNA rẹ̀?

Àwọn tó dúró sápá DNA ní ilé ń tan ni jẹ. X. bovienii kan ṣoṣo ń gbé nínú oríṣiríṣi Steinernema, láti S. feltiae dé àwọn tí kò sún mọ́ ọn rárá. Heterorhabditis bacteriophora náà, wọ́n ti bá ẹ̀yà Photorhabdus tó ju ẹyọ kan lọ nínú rẹ̀. Aràn tí wọ́n ti mọ̀ nínú Steinernema ti lé ní 100, ẹ̀yà Xenorhabdus tí wọ́n ti sọ lórúkọ kò sì súnmọ́ iye yẹn. Kedere ni pé ọ̀pọ̀ onílé ló ń gba àlejò kan náà, àwọn àlejò náà sì ń pààrọ̀ ilé. Ẹni tó bá fi ilé sọ wọ́n lórúkọ, ọ̀rọ̀ máa dà rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nọ́ńbà kan tí gbogbo èèyàn lè ṣírò, ní ibi ìwádìí èyíkéyìí, ló dára jù lójú wọn, ẹ̀ka kò sì yẹ kó jẹ́ ibi tí wọ́n ń fi ẹ̀yà tòótọ́ pamọ́ sí.

Àwọn tó ń kọminú kò sọ pé DNA ń parọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìlà 95 sí 96 jẹ́ àdéhùn, kì í ṣe ògiri tí ẹ̀dá mọ. Ẹ̀yà méjì tó wà ní ìdá 94 lè máa ṣe iṣẹ́ kan náà, nínú aràn kan náà, láìsí ohun tí ènìyàn lè fi ojú tàbí aró dá wọn mọ̀. Ibi ìwádìí tí kò bá lè ka gbogbo DNA kò ní lè sọ orúkọ ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀ mọ́. Àwọn kan tún tọ́ka sí ọ̀rọ̀ X. bovienii yìí kan náà, ṣùgbọ́n láti apá kejì: nígbà tí wọ́n fún Steinernema ní ọ̀wọ́ X. bovienii tó wá láti inú aràn tó jìnnà sí i, aràn náà kò ṣe dáadáa tó bíi ti ìgbà tó wà pẹ̀lú ọ̀wọ́ tirẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, aràn sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ilé, lójú àwọn wọ̀nyí, ní ohun kan tó ń sọ tí nọ́ńbà kò gbọ́.

Ohun tí wọn kò jiyàn sí ni pé bakitéríà kan lè sún mọ́ òmíràn nínú ẹ̀jẹ̀ kí iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. X. poinarii jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀: Xenorhabdus ni láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún ọ̀pọ̀ kòkòrò ní òun nìkan lábẹ́rẹ́, láìsí aràn rẹ̀, kòkòrò náà kì í sábà kú.

Báwo ni "asymbiotica" ṣe di orúkọ tó lòdì sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ?

Lọ́dún 1989, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn bakitéríà tó ń tàn, tí wọ́n rí nínú egbò àti ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Ó jọ luminescens. Lẹ́yìn náà, irú rẹ̀ tún yọ ní Ọsirélíà. Kò sẹ́ni tó rí aràn kankan nídìí ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1999, wọ́n pè é ní asymbiotica, ìyẹn "èyí tí kò bá ẹnikẹ́ni gbé."

Lọ́dún 2006 ni ìwádìí kan jáde láti Ọsirélíà: wọ́n ti rí Heterorhabditis nínú ilẹ̀ níbi tí ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn ti kó àrùn, bakitéríà náà sì wà nínú rẹ̀. Ó ní alájọgbé láti ọjọ́ yìí wá. Orúkọ ńkọ́? Ó dúró bẹ́ẹ̀. Òfin kò gbà kí wọ́n pa orúkọ rẹ́ nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá òtítọ́ mu. Àmì ìdánimọ̀ lásán ni orúkọ, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìwà. Lẹ́yìn àtúntò 2018, àwọn ti Ọsirélíà di P. australis, wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìtumọ̀ rẹ̀.

Orí ẹ̀yà méjì yìí ni ìbẹ̀rù àwọn kan dá lé nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn àgbẹ̀ ń da aràn sínú ilẹ̀ láti pa kòkòrò. Ohun tó ya asymbiotica àti australis sọ́tọ̀ ni pé wọ́n ń dàgbà dáadáa nínú ooru ara ènìyàn, 37°C. Ọ̀pọ̀ Photorhabdus yòókù kò lè fara da ìyẹn. Nítorí èyí, ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ọjà irú bẹ́ẹ̀ nílò orúkọ tó ya àwọn tó lè ran ènìyàn kúrò lára àwọn tí kò lè ràn án.

Kí ló kan àwọn tó ń wá oògùn?

Bakitéríà tó ń fi èròjà ṣọ́ òkú kòkòrò ti ń ṣe oògùn tipẹ́ kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí kéde odilorhabdin láti inú X. nematophila. Lọ́dún 2019, òmíràn jáde láti inú P. khanii, tí wọ́n pè ní darobactin. Darobactin ń dí purotéènì kan tó ń jẹ́ BamA lọ́wọ́, èyí tí àwọn bakitéríà kan nílò láti mọ ògiri òde ara wọn. Ògiri yìí ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oògùn má lè wọlé sára wọn, nítorí náà ojú wà lára ìwádìí náà gan-an.

Khanii yìí, ẹ̀ka lábẹ́ P. temperata ló jẹ́ títí di ọdún 2018. Ẹni tó ń wá irú èròjà bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìbátan rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ àwọn tó bára tan ní tòótọ́, torí àwọn jíìnì tó ń ṣe oògùn sábà máa ń yàtọ̀ láti ọ̀wọ́ dé ọ̀wọ́. Orúkọ ẹ̀yà lè tọ́ni sí àdúgbò. Ọ̀wọ́ ló ń sọ nọ́ńbà ilé.

Ṣé ìran méjèèjì yìí nìkan ló wà nínú aràn ni?

Rárá. Bí wọ́n bá fọ aràn dáadáa, tí wọ́n sì ka DNA gbogbo ohun tó kù lára rẹ̀, bakitéríà mìíràn máa ń yọjú léraléra, irú bíi Pseudomonas, Stenotrophomonas àti Ochrobactrum. Àwọn kan sọ pé èrò ọ̀nà ni wọ́n, wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ ara aràn nínú ilẹ̀. Àwọn mìíràn ní wọ́n ń farahàn déédéé jù fún èrò ọ̀nà, àwọn kan nínú wọn sì lè pa kòkòrò fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ tún le sí i lórí aràn bíi Oscheius, tí wọ́n sábà máa ń bá Serratia nínú wọn. Ṣé apakòkòrò tòótọ́ ni Oscheius, àbí ajẹ̀kù tó ń dé lẹ́yìn ikú? Bí wọ́n bá ṣe dáhùn èyí ló máa sọ bóyá Serratia jẹ́ alájọgbé tàbí ẹni tó kàn wà nítòsí.

Ta ló ń pàṣẹ orúkọ, ṣé a sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e?

Òfin àgbáyé kan wà fún orúkọ bakitéríà. Kí orúkọ tuntun tó bófin mu, ó gbọ́dọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un tàbí kó wọ àkójọ inú rẹ̀, kí wọ́n sì ti fi ọ̀wọ́ àwòṣe sí ibi ìtọ́jú bakitéríà méjì, ní orílẹ̀-èdè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè bèèrè fún un. Apá ìkẹyìn yìí ti ń di ìṣòro láti ìgbà tí Àdéhùn Nagoya, àdéhùn àgbáyé lórí lílo ohun alààyè orílẹ̀-èdè mìíràn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2014, torí àwọn orílẹ̀-èdè ń fẹ́ mọ ẹni tó ń kó ohun alààyè wọn lọ, àti ohun tó fẹ́ fi ṣe. Lọ́dún 2022, àwọn kan gbé òfin mìíràn kalẹ̀ tí wọ́n pè ní SeqCode, tó gba DNA tí wọ́n kà gẹ́gẹ́ bí àwòṣe dípò bakitéríà alààyè. Àwọn òfin méjèèjì wà pa pọ̀ báyìí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lóye rèé. Orúkọ tó bófin mu kò túmọ̀ sí orúkọ tó pọn dandan. Òfin ń sọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ àti èyí tó ṣáájú, kò sọ bóyá laumondii gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀yà tàbí ẹ̀ka. Ìyẹn jẹ́ ìdájọ́ ìmọ̀. Ẹni tó bá ṣì ń kọ Photorhabdus luminescens subsp. laumondii (subsp. dúró fún ẹ̀ka) kò rú òfin kankan. Ó kàn ń tẹ̀ lé ìpín tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi sílẹ̀ ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìwé àtijọ́ tí orúkọ inú rẹ̀ kò bá ti òde òní mu, ẹ wá nọ́ńbà ọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó wá ohunkóhun mìíràn. Ó sábà máa ń wà níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà tí ibi ìtọ́jú bakitéríà ATCC fún ọ̀wọ́ kan: ATCC 19061 ni ATCC 19061, ì báà jẹ́ Achromobacter nematophilus, Xenorhabdus nematophilus tàbí Xenorhabdus nematophila ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ìwé tí kò bá sọ ọ̀wọ́ tó lò, tó kàn kọ "P. luminescens" lásán ṣáájú ọdún 2018, kò sí bí ẹ ṣe lè fi orúkọ nìkan mọ èyí tó ní lọ́kàn nínú ẹ̀yà tó ti wá pọ̀ lónìí.